Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Bọ́ọ̀dù Tẹlifóònù Tó Fẹ́ Yàn

Ajárá,
Àgbádárìgì.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, nítorí ó mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo kí ọ o. Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara wa le. Òjò ti ń dá, ọ̀sà ti rọlẹ̀, àwọn ará Gbèrèfú sì ti ń sọdá láti òdìkejì láìfòyà. Àgbọn ẹ̀yìnkùlé wa ń so bó ṣe máa ń so, ìyá rẹ náà sì ń bá àwọn tó ń ká a jà bó ṣe máa ń bá wọn jà. Mo rò pé ìyẹn tó fún ìkíni.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi, mo sì fara balẹ̀ kà á. Inú mi dùn pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ yín fi ọ́ ṣe akọ̀wé àgbà. Inú mi tún dùn pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ le, nítorí iṣẹ́ tó rọrùn kì í fi ẹnikẹ́ni hàn. Jẹ́ kí n tún un sọ bí o ti sọ ọ́, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Bọ́ọ̀dù tẹlifóònù tó wà ní ọ́fíìsì yín ní Èkó ti gbó. Àǹtí Mausí ló ń jókòó nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí ìwọ kò tíì débẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá pe ilé iṣẹ́ yín, òun ló ń dá a lóhùn, òun ló sì ń fi okùn so ó mọ́ yàrá ẹni tó ń wá. Àwọn ọ̀gá ní kí o yan òmíràn. Oníṣòwò kan wá fi ẹ̀rọ aládàáṣe hàn yín, èyí tí ẹni tó wà nínú yàrá kan yóò fi ìka ara rẹ̀ yí nọ́ńbà yàrá kejì, tí ìpè ìta yóò sì máa wọ yàrá tààrà láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí o bá mú un, iṣẹ́ Àǹtí Mausí parí nìyẹn. Bí o bá ra irú ti àtijọ́, àwọn ọ̀gá yóò ní obìnrin tí àwọn gbé sípò ń bẹ̀rù ohun tuntun. O wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà pé, "Bàbá mi, bí mo bá wo apá kan, ojú a máa tì mí, bí mo bá wo apá kejì, àánú a máa ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yàn án."

N kò ní bá ọ yàn án, ọmọ mi. Orúkọ rẹ ni yóò wà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n mo ti yan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ àgbọn níhìn-ín, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti yunifásítì, tí mo sì gbà pé ohun tó bá ti yé mi lórí ìwé ti yé mi lójú ayé. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Jókòó kí o gbọ́ bí mo ṣe jìn sí tèmi.

Èkíní, mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ibi mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ wa wà nígbà náà. Ọ́fíìsì wà nínú ìlú, lẹ́bàá ọ̀sà. Ibi tí a ti ń la àgbọn tí a sì ń sá a wà níhìn-ín ní Ajárá, Húnsù sì ni olórí ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àtíbàbà etí omi, níbi tí àwọn ọkọ̀ Gbèrèfú ti ń gúnlẹ̀. Ọ̀gá òyìnbó wa ní kí n wá tẹlifóònù tí a ó fi máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo kàwé, mo ya àwòrán, mo sì yan wáyà kan ṣoṣo tó gba ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Bí o bá fẹ́ Ajárá, o ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ kí agogo dún lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá fẹ́ etí omi, kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí bọ́ọ̀dù, kò sí ẹni tí yóò jókòó tì í. Lórí ìwé, ohun tó dára gan-an ni.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni agogo náà yóò ti máa dún, àti pé kò sí ọmọ Àgbádárìgì tó máa gbọ́ ìpè kí ó má jẹ́ ẹ. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n sọ pé a pe òun, òun dákẹ́? Lọ́jọ́ kan mo pe Húnsù láti sọ iye tí a fẹ́ ra àgbọn àwọn ará Gbèrèfú lọ́jọ́ kejì.

"Má jẹ́ kó ju ti àná lọ," ni mo wí.

Ohùn obìnrin kan bá wọlé. "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ti àná kẹ̀? Ṣé oúnjẹ àná lẹ̀yin náà jẹ lónìí ni?"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ìyá Ṣẹ̀wànù ni, ará Gbèrèfú. Agogo ló ń dún létí omi, kò sì sẹ́ni nítòsí, ni mo bá ní kí n bá yín jẹ́ ẹ."

Húnsù bú sẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ọjà ti tú nìyẹn."

"Húnsù, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ o. Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti sọ̀?"

"Ó ti sọ̀ láàárọ̀ àná. Obìnrin ni."

"A dúpẹ́ o! Mawu, Ọlọ́run wa, ṣeun! Akọ̀wé, ẹ ò gbọ́ ni? Ẹ ò kí bàbá ọmọ?"

Mo kí bàbá ọmọ. Kí ni mo tún lè ṣe? Lọ́jọ́ kejì, gbogbo Gbèrèfú ló mọ iye tí a fẹ́ san kí ọkọ̀ wọn tó kúrò létí omi, wọ́n sì ti fẹnu kò lórí iye tí àwọn náà fẹ́ gbà. N kò bínú sí obìnrin náà. Èmi ni mo gbé etí tẹlifóònù wa kọ́ sí ojú ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ìbéèrè tí o ó kọ́kọ́ bi oníṣòwò yín nìyí: "Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá mi, ta ló lè gbọ́ mi?" Má jẹ́ kí ó fi ẹnu lásán dá ọ lóhùn. Ní kí ó mú ọ lọ sí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, kí o wọ yàrá kan, kí òun wọ òmíràn, kí ẹ sì wò ó. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù olókùn ni, béèrè bóyá ẹni ìdí rẹ̀ lè tẹ́tí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kò túmọ̀ sí pé o fura sí Àǹtí Mausí. Ilé tí a kò bá ti mọ iye ilẹ̀kùn tó ní, a kò lè sọ pé a ti tì í.

Èkejì, ohùn tó kọ́kọ́ jáde láti ilé iṣẹ́ rẹ ni ilé iṣẹ́ rẹ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣẹ̀wànù, mo ra bọ́ọ̀dù. Ibi kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ tó wá sí ọ́fíìsì, ẹni kan yóò sì máa so wọ́n pọ̀. Mo gba ọ̀dọ́kùnrin kan láti Èkó sídìí rẹ̀, Jòsáyà lorúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já geere, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó sì máa ń débi iṣẹ́ ṣáájú mi. Kò gbọ́ Ègùn rárá, ṣùgbọ́n n kò ka ìyẹn sí àlébù, nítorí mo rò pé iṣẹ́ ẹni tó ń so okùn ni láti so okùn. Mo tún kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi àkókò ṣòfò. Mo ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan nígbà tí bàbá kan tó ní oko àgbọn ńlá pè láti etí omi. Bàbá náà ń pariwo bí àwọn àgbà ti máa ń pariwo sínú tẹlifóònù, nítorí náà mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ o."

"Nọ́ńbà wo?"

"Mo ní ẹ káàárọ̀."

"Mo gbọ́, sà. Nọ́ńbà wo lẹ fẹ́?"

"Ọmọ yìí, ṣé wọn kì í kí ara wọn nílé yín ni?"

"Sà, ẹ sọ nọ́ńbà tàbí kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn."

Bàbá náà fi àyè sílẹ̀. Ó kó àgbọn rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ náà gba orí ọ̀sà lọ sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì tà á fún àwọn tó fún un ní àga. Mo ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí kí ó tó tún bá wa tà.

Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú Jòsáyà. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó fi ti ẹrú jẹ́ ẹ nítorí pé bí mo ṣe fi rán an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ríṣẹ́ tó bá a mu sí ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀, a sì jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ títí dòní.

Nísinsìnyí, ro tìrẹ wò. Àwọn tó ń ta àgbọn fún yín, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí mo ń sọ yìí ni. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń pè yín, wọ́n á tò síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, akọ̀wé ibẹ̀ á sì ti máa wo aago. Àkókò tó wà fún wọn kò gùn. Bí ìpè wọn bá wọ yàrá tí ẹni inú rẹ̀ ti jáde lọ jẹun, agogo yóò kàn máa dún lásán ni. Bí ó bá sì wọ yàrá ẹni tí kò gbọ́ Ègùn, ọ̀rọ̀ ìwọ àti Àjàṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá yín lè má mọ èyí. Ìwọ mọ̀ ọ́n, nítorí o gbé níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí èyí sọ pé bọ́ọ̀dù àtijọ́ ló dára jù. Ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Kí o tó bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ mọ́, fi ọ̀sẹ̀ kan wo ìpè yín: èwo ló ti ìta wá, èwo ló jẹ́ ti yàrá sí yàrá? Mo ti jókòó sí ọ́fíìsì pẹ́ tó láti mọ ohun tí o ó rí. Ọ̀pọ̀ ìpè yàrá sí yàrá ni "Ṣé ọ̀gá wà lórí ìjókòó?" àti "Ta ló mú gọ́ọ̀mù mi?" Kò yẹ kí ènìyàn kan fi ọjọ́ ayé rẹ̀ so irú ìyẹn pọ̀. Ẹ̀rọ lè ṣe é, kò sì ní ṣàárẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kékeré kan lórí iyọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun wa ń jẹ irin, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí mo rà nígbà náà, igi dídán ni wọ́n fi ṣe é, bàbà inú rẹ̀ sì ń kọ mànà. Kò pẹ́ tí bàbà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti ewé. Ohùn á wọlé, ohùn á sá. Ẹni tó tà á fún mi ti lọ ń ta irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà ní Èkó, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Títí tó fi dé, ẹsẹ̀ la fi ń jẹ́ ìpè. Ní Èkó ẹ kò jìnnà sí omi ju bí a ṣe jìnnà sí i lọ. Ẹ̀rọ aládàáṣe sì ní irin wẹ́wẹ́ nínú ju bọ́ọ̀dù olókùn lọ, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń balẹ̀, eruku ọyẹ́ díẹ̀ sì tó láti dá wọn dúró. Béèrè ẹni tí yóò máa tún un ṣe kí o tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bá ẹni náà sọ̀rọ̀. Béèrè ibi tí a ó gbé e sí, bóyá yàrá náà ní fèrèsé tó ń tì dáadáa, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ: ṣé bátìrì wà, ta ni yóò sì máa bu omi sí i? Wá ilé iṣẹ́ kan tó ti lò ó la òjò àti ọyẹ́ kọjá, kí o sì lọ síbẹ̀ láìmú oníṣòwò dání. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Bí o bá sì ń rà á, má ra èyí tí gbogbo ihò rẹ̀ ti kún lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ilé iṣẹ́ tó ń dàgbà dà bí ọmọ, a kì í rán aṣọ rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ohun tó kàn ni èyí tó ṣòro fún mi jù láti kọ, ṣùgbọ́n òun ni mo tìtorí rẹ̀ mú gègé.

Lẹ́yìn Jòsáyà, mo gba obìnrin kan láti ìlú Apá, Sẹ̀nà lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ Ègùn, ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ti kọ́ Faransé díẹ̀ ní Àjàṣẹ́ nígbà tó ń ṣòwò aṣọ. Àwọn olóko fẹ́ràn rẹ̀. Húnsù nìkan ni kò tẹ́ lọ́rùn. Òun ló máa ń bá Èkó sọ̀rọ̀ jù nínú wa, nítorí ọkọ̀ tó ń kó àgbọn gbígbẹ lọ, ó sì ń wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀hónú.

"Akọ̀wé, ẹ gbà mí lọ́wọ́ Sẹ̀nà. Kí n tó gbọ́ ohùn Èkó, ó ti bi wọ́n léèrè ara ìyá, ara bàbá, ara ewúrẹ́. Ìgbà tí yóò bá fi so mí, àkókò ti tán, wọ́n á já wa."

Sẹ̀nà dá a lóhùn láti ìdí bọ́ọ̀dù, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ẹni tó ní ewúrẹ́ ló ń yá ọ lọ́kọ̀, Húnsù. Bí mi ò bá béèrè ewúrẹ́, ṣé ìwọ lo máa béèrè?"

Mo rò pé Húnsù jàre. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n fún Ajárá ní wáyà tirẹ̀ tí yóò máa gba ìpè Èkó tààrà, láìgba ọ́fíìsì wa kọjá. Ó yá kánkán. Húnsù yọ̀. Ọ̀gá òyìnbó yìn mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ohun tí oníṣòwò yín ń tà fún ọ gan-an nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́: ìpè tó wọ yàrá tààrà láìsí ẹnikẹ́ni láàárín.

Húnsù ní àbúrò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ní Èkó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, agogo dún ní Ajárá. Ẹni tó pè jẹ́ akọ̀wé níbi iṣẹ́ àbúrò náà, kò mọ Húnsù rí. Ó béèrè pé ṣé Húnsù ni. Húnsù ní òun ni. Ó ní, "Àbúrò yín kú láàárọ̀ yìí. Kí ẹ wá gbé e." Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbé tẹlifóònù rẹ̀ kalẹ̀.

Nínú oòrùn ni Húnsù dúró sí, nídìí òpó tí a gbé tẹlifóònù kọ́ láàárín àgbọn tí a sá, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ṣì di tẹlifóònù náà mú. Ó sọ fún mi pé òun ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà. "Mo ní ó ṣeun," ló wí. "Akọ̀wé, mi ò mọ nǹkan mìíràn tí wọ́n ń sọ sínú rẹ̀."

O mọ bí a ṣe ń túfọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà ni yóò lọ, ní kùtù, sí ilé ẹni náà. Wọ́n á jókòó. Wọ́n á ní ara àbúrò rẹ kò yá. Àgbà mìíràn á tún wọlé, òmíràn á tẹ̀lé e, ẹni náà á máa wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì ti mọ̀ kí ẹnu kankan tó là á. Wọ́n á ti yí i ká. Bí ó bá ṣubú, ọwọ́ ènìyàn ni yóò ṣubú lé. Ojú lọ̀rọ̀ wà, tẹlifóònù kò sì ní ojú.

Nígbà tí a sin òkú tán, mo bá Sẹ̀nà sọ ọ́.

"Ká ní ọ̀dọ̀ mi ló gbà ni," ló wí, "ǹ bá sọ fún wọn pé Húnsù kò sí nítòsí."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ ni, Akọ̀wé. Ǹ bá sì máa pa á lọ títí àwọn àgbà á fi dé ilé rẹ̀."

Húnsù fúnra rẹ̀ ló ní kí n dá wáyà òun padà sí bọ́ọ̀dù. Ó ní kí Sẹ̀nà máa béèrè ewúrẹ́ lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú pé ẹ̀rọ burú. Ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí mo ní kí ó ṣe. Mo ti ka gbogbo ìdádúró sí òfò, mo sì gé e kúrò láìbéèrè ohun tí ìdádúró kọ̀ọ̀kan wà fún. Nínú ọ́fíìsì yín, àwọn ìdádúró kan wà tó yẹ kí o gé, lónìí pàápàá. Àwọn kan wà tó ń dáàbò bo ènìyàn. Kí o tó gé èyíkéyìí, mọ èwo ni.

Ọ̀nà kẹta wà, bóyá oníṣòwò yín kò sọ fún ọ. Mo ti rí irú ẹ̀rọ kan nígbà tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Èkó. Yàrá sí yàrá ń pe ara wọn fúnra wọn, wọ́n á yí nọ́ńbà, ó parí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpè tó bá ti ìta wá, bọ́ọ̀dù kékeré kan ló ń gbà á, ènìyàn kan sì wà nídìí rẹ̀ tó ń dáhùn, tó ń béèrè, tó sì ń darí rẹ̀. Béèrè irú èyí. N kò ní kí o rà á. Ó ní àlébù tirẹ̀, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí àwọn ọ̀gá tó fi bi ọ́. Nǹkan méjì ló lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ dípò ọ̀kan. Àyè tó ń gbà pọ̀. Iṣẹ́ ẹni ìdí bọ́ọ̀dù yóò sì dín kù, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá kan yóò fi kọjá lọ́jọ́ kan tí yóò sì béèrè ohun tí obìnrin yìí ń ṣe láti àárọ̀. Lọ́jọ́ náà, má fi àánú dá a lóhùn. Sọ fún un nípa àwọn olóko tó ń tò ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Àgbádárìgì, àti ibi tí àgbọn wọn yóò gbà lọ bí kò bá sí ẹni tí yóò kí wọn. Ọ̀rọ̀ òwò ni, òwò ló sì yé wọn.

Bí wọ́n bá sọ pé o bẹ̀rù, jẹ́ kí wọ́n sọ. Ẹni tó ti wo nǹkan dáadáa kó tó yàn án lè sùn, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ojo. Bí wọ́n bá sì borí rẹ tí wọ́n ra aládàáṣe, gbà á, kí o sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Má dúró máa retí kí ó bàjẹ́.

Ìyá rẹ ti wá wò mí, ó ní fìtílà ń mu kẹrosíìnì. Ohun kan ṣoṣo ló kù.

Lẹ́tà rẹ gùn, Àbẹ̀kẹ́, Àǹtí Mausí sì wà nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. O sọ ọdún tó ti lò, o sọ pé opó ni, o sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé, o sọ bí àánú rẹ̀ ṣe ń ṣe ọ́. Mo wá ibi tí o ti bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. N kò rí i. Ìwọ àti àwọn ọ̀gá, oníṣòwò, àti èmi tí mo jókòó sí Ajárá, gbogbo wa là ń pín ọjọ́ iwájú obìnrin náà láàárín ara wa, òun nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìjókòó yẹn ni ayọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé etí ń dùn ún láti ọjọ́ yìí wá, tó ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ó lè fẹ́ kọ́ ìwé títẹ̀. Ó lè fẹ́ kí o san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un kí ó lọ dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a ń ṣàánú láìbi í léèrè, ọmọdé la sọ ọ́ dà, àgbàlagbà sì ni Àǹtí Mausí, ó jù ọ́ lọ.

Lọ bá a kí o tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Má pè é wá sí yàrá rẹ, má sì bá a sọ ọ́ lórí tẹlifóònù. Ìwọ ni kí o rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí o kúnlẹ̀ kí i bí a ti kọ́ ọ, kí o fa àga, kí o jókòó tì í, kí o sì jẹ́ kí ó parí ìpè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ ni.